Ìbàdàn lẹ mọ̀, ẹ ò mọ Láyípo: ọ̀nà wo ni kí n gbà mú àwọn ọmọ mi wọ̀lú?

Ìyá Ìbejì ti Manchester
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìbéèrè mi lè dà bí ohun kékeré lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ti ń gba oorun lójú mi. Àwọn ìbejì mi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ní oṣù tó kọjá. Manchester ni mo bí wọn sí, wọn ò tíì fojú kan Nàìjíríà rí. Ní ìparí oṣù kọkànlá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó balẹ̀ sí Ìkẹjà, a ó sì wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ́dọ̀ màmá mi ní Òkè-Àdó.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Nígbà tí mo gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kẹ́yìn, ní 2019, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà wà pẹ̀lú mi. Láti Toll Gate títí a fi fẹ́ẹ̀ dé Ìwó Road, tírélà là ń rí, àti mẹkáníìkì, taya tó ti jẹ, ilé epo, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ó bi mí pé, "Ìbàdàn náà dà?" Bẹ́ẹ̀ a ti wà nínú Ìbàdàn tipẹ́tipẹ́. Ẹnu mi wúwo. Ìlú tí mo ti fi oṣù márùn-ún ròyìn fún un, kò rí i.

Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ọ̀nà wo ni kí n gbà mú wọn wọlé? Àsìkò wo ló dára? Kí ni kí ojú wọn kọ́kọ́ bà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo bẹ̀ yín.

Awakọ̀ Àgbà
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń na Ọjọ́ta sí Ìwó Road, èyí tí ojú mi tó ni mo máa sọ.

Ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dáadáa. Ẹ má gbéra ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ọjọ́ yẹn ni ìsìn Holy Ghost àwọn Redeem ní ibùdó wọn ní kìlómítà 46. Èrò á pọ̀, ọkọ̀ á pọ̀, ẹ lè lo wákàtí mélòó kan lójú kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ò dáa. Ẹ sùn mọ́jú ní Ìkẹjà, kí ẹ bọ́ sọ́nà ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú yín mọ́ ọ̀nà láàárín Ṣágámù àti Ìbàdàn. Ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Oṣù kọkànlá tí ẹ mú yẹn dára ju oṣù kejìlá lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, ewé ṣì ń tutù yọ̀yọ̀, ọyẹ́ ò tíì bolẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ẹ lè dúró lórí òkè kí ẹ má rí ju kùrukùru lọ.

Tí ẹ bá ti kọjá Berger, ẹ ní kí àwọn ọmọ wo odò Ògùn lábẹ́ afárá Kára, níbi tí ọjà màlúù wà. Ibẹ̀ ni mo máa ń sọ fún èrò mi pé a ti fi Èkó sílẹ̀. Ìbàfò àti Mówè ti di ìlú ńlá báyìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn oríta Ṣágámù ni ọ̀nà máa wá ṣí, tí igi á pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.

Ọmọ Bódè
Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í ni pé a rò pé Toll Gate ni ẹnu ọ̀nà Ìbàdàn. Ibi tí ìjọba ti ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ni, wọ́n sì ti dá owó náà dúró tipẹ́, orúkọ ló kù. Kì í ṣe ibẹ̀ ni Ìbàdàn ti ń gba àlejò.

Láyé ogun, odi ló yí ìlú yìí ká. Odi Ibíkúnlé ni wọ́n ń pè é, nítorí Balógun Ibíkúnlé ló mọ ọ́n. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó wọlé ní bodè tirẹ̀, oníbodè á jókòó síbẹ̀, á bi ọ́ pé níbo lo ti ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ta lo ń lọ, kí lo rù. Bí o bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, inú ìlú lo wà yẹn: agboolé, ọjà, ilé Baálẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wọ Ìbàdàn nígbà náà tó máa béèrè pé Ìbàdàn dà.

Odi ti wó, àmọ́ orúkọ ò wó. Àdúgbò tí mo ti wá ni wọ́n ṣì ń pè ní Bódè, lẹ́yìn Mọ́lété, níbi tí ọjà Bódè wà, tí ẹ ti lè rí ewé àti egbò oríṣiríṣi rà. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn mi fi rọrùn: ẹ wọlé láti bodè.

Tí ẹ bá dé Toll Gate, ẹ má tẹ̀ lé márosẹ̀ lọ sí Ìwó Road. Ẹ yà sí òsì, ẹ gba Challenge. Láti Challenge ẹ lọ sí Mọ́lété, ẹ gba abẹ́ afárá, Bódè, Ìdí-Arẹrẹ, Ọjà'ba. Ọ̀nà á máa fún, ilé á máa súnmọ́ ara wọn, ẹ ó máa gbọ́ ìlù, ẹ ó máa gbóòórùn àmàlà. Lẹ́yìn náà, ẹ gun òkè Mápó. Gbọ̀ngàn Mápó ti wà níbẹ̀ láti 1929 pẹ̀lú àwọn òpó ńláńlá rẹ̀. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ kọjú sí ìlú. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó pọ́n bí erùpẹ̀ ilẹ̀ wa, láti ẹsẹ̀ yín títí dé ibi tí ojú ò tó mọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé, "Ìbàdàn nìyí."

Òkè-Àdó tí ẹ ń lọ ò jìnnà sí Mọ́lété. Ẹ ó kàn yà padà ni. Ìdajì wákàtí ò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ètò Ìlú Niṣẹ́ Mi
Mo gbà pẹ̀lú Ọmọ Bódè, kí n fi ìdí ọ̀rọ̀ náà kún un, torí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá máa béèrè ìdí.

Wọn ò la ọ̀nà márosẹ̀ yẹn láti fi wo ìlú. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1978, kìlómítà bíi 127, èrò wọn ni pé kí ọkọ̀ má kó sínú ìlú rárá. Nítorí náà wọ́n gbé e gba apá ìlà-oòrùn Ìbàdàn, ní ibi tí oko pọ̀ sí nígbà náà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn fẹ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ta ló ń wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Onítírélà, mẹkáníìkì, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni àlejò ọ̀nà márosẹ̀ rí. Ibi ìdáná, garawa àti aṣọ tí wọ́n sá ló máa kọ́kọ́ rí. Ìyẹn ò sọ pé ilé náà ò ní pálọ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni pé ojú ìlú yẹn ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí bodè wà, ọ̀dọ̀ Ọjà'ba ni gbogbo ọ̀nà ń lọ. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin dé, Dùgbẹ̀ ló sì ń já èrò sí, ni báńkì àti ilé ìṣòwò bá wọ́ lọ síbẹ̀. Dùgbẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ Cocoa House sí, tí wọ́n parí ní 1965, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, láti inú owó kòkó. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè nígbà yẹn, kò ní wá Ìbàdàn tì, ó dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni márosẹ̀ dé, ojú ìlú yí sí ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni ìlú ò sì múra sílẹ̀ fún. Rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹfà ọdún 2021 tún ń já èèyàn sí Mọ́níyà ní àríwá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣe nǹkan, Mọ́níyà ni màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n gbin igi, kí wọ́n kọ orúkọ àdúgbò sára pátákó pẹ̀lú àmì ohùn, kí ibẹ̀ má baà tún di ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá Mọ́kọ́lá
Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó dára, àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí kò dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì bí ẹni pé ìdọ̀tí ni wọ́n tí a fẹ́ fi ẹní bò kí àlejò má baà rí. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi dàgbà, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń lu ara mọ́tò. Owó tó ń rí nínú oòrùn àti eruku yẹn ló fi rán mi lọ sí Pólì. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ tó wá sin ín lé ní ogójì. Bí ẹnì kan bá bi mí pé Ìbàdàn dà, màá mú un lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, mú wọn gun Mápó, mi ò ní kí o má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò, má yí ojú àwọn ọmọ padà. Sọ fún wọn pé mọ́tò tí ẹ̀ ń wọ̀ yìí, ọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí ló mú un dúró sójú ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì ti Manchester
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mi ò rò ó débẹ̀, ẹ má bínú. Bàbá tó bí mi lọ́mọ náà, aránṣọ ni, ìta gbangba ló máa ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Màá sọ ọ́ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí.

Ọmọ Ìkirè
Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ wọ Ìbàdàn, kí ó dúró ra dòdò Ìkirè o! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà la fi ń ṣe é, pẹ̀lú ata, a ó wá wé e sínú ewé. Àwọn kan ò mọ nǹkan kan nípa ìlú wa ju dòdò yẹn lọ, torí ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n ti ń wò wá láti ojú wíńdò. Inú mi ò bà jẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó yà wọlé.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ náà rèé, torí mo kàwé níbẹ̀. Àlejò tó bá ti Ìbàdàn dé, géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí, ọ̀pọ̀ wọn á sì rò pé Ifẹ̀ nìyẹn. Mo mọ àwọn tó lo ọdún mẹ́rin nínú ọgbà yẹn tí wọn ò dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀gbá Ni Mí
Ọ̀nà kejì wà fún ẹni tí kò kánjú. Ní oríta Ṣágámù, ẹ yà sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, ẹ gba Kọ́bápé. Ẹ sùn mọ́jú ní Abẹ́òkúta, ẹ gun Olúmọ, kí ẹ wá gba Ọmí-Adíò wọ Ìbàdàn láti Àpáta. Ọ̀nà yẹn ti pẹ́. Láti Abẹ́òkúta náà ni Anna àti David Hinderer, tọkọtaya ajíhìnrere CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ti wọ Ìbàdàn ní 1853, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ á dé Dùgbẹ̀ láìfojú kan Toll Gate rárá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ bi àwọn awakọ̀ léèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Mi ò ní tàn yín.

Àti pé, Abẹ́òkúta náà ò ṣeé rí láti ọ̀nà márosẹ̀. Títí ẹ ó fi wọ inú àpáta gan-an, ẹ ó máa rò pé ilé epo ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ẹ má gbàgbé àwa náà. Ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá sí Èkó láyé ìgbà kan, ère àgbà mẹ́ta onífìlà funfun ló máa ń kí i káàbọ̀ ní Berger, wọ́n na ìkúùkù sí àlejò. Ìkíni Èkó gidi nìyẹn, ó sì máa ń mú orí mi wú. Àmọ́ kò pẹ́ tí wàá kọjá wọn tí òórùn ààtàn Olúṣòsun ní Ọjọ́ta á kí ọ tirẹ̀. Bí mo bá ní àlejò, orí afárá Third Mainland ni mo máa ń mú wọn gbà ní àárọ̀ kùtùkùtù, kìlómítà tó lé ní mọ́kànlá lórí omi. Ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, ẹ ó rí Mákòkò lórí òpó igi, ẹ ó wá rí àwọn ilé gogoro Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́ọ̀ọ́kán. Bí Ìyá Ìbejì bá ní ọjọ́ kan sí i, kó ṣe é.

Awakọ̀ Àgbà
Nǹkan díẹ̀ tí mo gbàgbé. Tí ẹrù yín bá pọ̀, ẹ má gbé mọ́tò ńlá gun Mápó, ọ̀nà Ọjà'ba há. Ẹ kọ́kọ́ já ẹrù sí Òkè-Àdó, kí ẹ wá wọ takisí míkrà kan lọ sí Mápó. Dírẹ́bà míkrà mọ kọ̀rọ̀ tí máàpù orí fóònù ò mọ̀. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá sì gbé e, Bower's Tower ní Òkè Ààrẹ ga ju Mápó lọ. 1936 ni wọ́n kọ́ ọ. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀, kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ìyá Ìbejì ti Manchester
Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti dé o. Ọjọ́ kẹta wa ní Òkè-Àdó rèé, mo sì ní kí n má jẹ gbèsè ọpẹ́.

Aago méje kọjá díẹ̀ la kúrò ní Ìkẹjà, a ti pẹ́ díẹ̀ torí Kẹ́hìndé wá bàtà tì. Ní Kára wọ́n rí màlúù, Táíwò sì kà wọ́n títí ó fi sú u. Ní ìgbà tí a kọjá níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà, mo ní kí dírẹ́bà rọra, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Mọ́kọ́lá fún wọn, àti ti bàbá mi aránṣọ. Táíwò béèrè bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣì wà. Ó wà. Táíwò ti fi ọwọ́ yí i, okùn rẹ̀ sì ti já báyìí, ẹ bá mi dárúkọ ẹni tó lè tún un ṣe ní agbègbè Mọ́lété.

Mo ti pinnu láti kọ́kọ́ já ẹrù gẹ́gẹ́ bí Awakọ̀ Àgbà ti wí. Nígbà tí mo pe màmá mi látorí ọ̀nà kí n sọ fún un pé a ó yà sí Mápó lẹ́yìn náà, ó ní kí n má wulẹ̀ já ẹrù kankan, òun ti wà níbẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! Ó ní Ìbàdàn kì í jókòó sílé de àlejò, ìta ni wọ́n ti ń pàdé rẹ̀. A bá gba Challenge, Mọ́lété, Bódè, Ìdí-Arẹrẹ. Ọ̀nà fún bí ẹ ṣe wí. Kẹ́hìndé yọ orí sí wíńdò, kò sọ̀rọ̀ rárá.

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn Mápó pẹ̀lú ike omi kan. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, ó ń kì wọ́n lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn èèyàn tó ń kọjá dúró. Lẹ́yìn náà ó yí wọn kọjú sí àwọn òrùlé. Ó fi ìka tọ́ ibi tí agboolé bàbá rẹ̀ wà, ó tọ́ ibi tó ti ta ata kí ó tó lọ́kọ. Táíwò ní òun ò rí ibi tí ìlú náà parí sí. Màmá ní Ìbàdàn lẹ mọ̀, ẹ ò mọ Láyípo.

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ní àwọn fẹ́ dé àdúgbò Láyípo. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gba ibẹ̀ láti Ọjà'ba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Ọjọ́bọ̀ la fẹ́ lọ.